Mítà Mẹ́rin ní Erunmu

Ohun tí wọ́n sọ fún mi kí n tó kúrò nílé ni pé ọ̀dọ̀ ara mi ni mò ń lọ. Yorùbá ni àwọn ará ibẹ̀, Yorùbá ni èmi náà. Kétu ni wọ́n ti bí mi, ní orílẹ̀-èdè Benin, Erunmu tí mò ń lọ sì wà lẹ́bàá Ìbàdàn. Mo ti kàwé jáde ní yunifásítì, físíìsì ni mo kà, mo sì ti jókòó sílé títí àwọn aládùúgbò fi dẹ́kun bíbi mí pé iṣẹ́ dà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ bàbá mi wá ní òun mọ káfíńtà kan ní Erunmu tó lè gbà mí sílé kó sì bá mi wá iṣẹ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé ẹni tó bá ti gbọ́ èdè ìlú kan ti di ọmọ ìlú náà dé ìdajì.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi dáadáa, torí àwọn tí mo bá sọ ọ́ fún máa ń rò pé mo ń ṣàsọdùn. Ká ní èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ ní Erunmu, ǹ bá ti múra ọkàn mi sílẹ̀. Ǹ bá mọ̀ pé àlejò ni mí, ǹ bá sì máa rọra ṣe. Ṣùgbọ́n èdè ìyá mi ni wọ́n ń sọ. Mo ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, mo ń dá wọn lóhùn, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, lójijì ni ilẹ̀ á kàn yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

Ọ̀dọ̀ télọ̀ ló ti kọ́kọ́ yẹ̀. Ìyá Ràfíù, ìyàwó káfíńtà tó gbà mí sílé, mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ẹgbẹ́dá, kí ó bá mi rán síkẹ́ẹ̀tì tí mo máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àǹtí Bọ́lá ni wọ́n ń pe télọ̀ náà. Àkàrà ló ń jẹ lọ́wọ́.

"Ẹ sọ ìbàdí yín fún mi," ó ní. "Ọwọ́ mi ti lépo, mi ò fẹ́ fi kan aṣọ yín."

"Méjìléláàádọ́rin," mo dáhùn.

Ó dẹ́kun jíjẹ. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wá yíjú sí Ìyá Ràfíù.

"Ìyá Ràfíù, ṣé ọmọ yìí ló fẹ́ wọ̀ ọ́ àbí mọ́tò lẹ fẹ́ kí n rán ìbòrí fún?"

Ìyá Ràfíù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo ní méjìléláàádọ́rin ni láti ìgbà tí mo ti wà nílé-ìwé, kò sì sí télọ̀ tó bá mi jiyàn rí. Àǹtí Bọ́lá nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa téèpù, ó yí i mọ́ mi nídìí.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n. Iye tí ẹ kọ́kọ́ sọ yẹn, ẹ má sọ ọ́ létí ọkùnrin kankan o."

Ẹ̀rín lèmi náà rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń lọ sílé, iye náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ó dà bíi pé wọ́n yí orúkọ mi padà, tí wọ́n sì ní èyí tí mo ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ò sí rí. Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn èèyàn níbẹ̀, kì í ṣe sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n kọ́ mi. Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn gíga rẹ̀, ilẹ̀ tó fẹ́ rà àti ilé tó fẹ́ kọ́. Àwọn àgbà ṣì ń fi máìlì wọn ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan sọ fún mi pé abúlé tí mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé ò jìn, pé máìlì méjì péré ni, èmi sì rò pé ohun tí à ń pè ní kílómítà ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo rìn títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bàbá náà kórìíra mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n bá mi wá wà ní sọ́mìlì, níbi tí wọ́n ti ń la igi sí pákó, ní Ẹgbẹ́dá. Alhaja kan ló ni ín. Èmi ni mò ń gba ohun tí àwọn oníbàárà bá fẹ́, tí mo ń sọ fún àwọn tó wà nídìí ayùn. Bàbá Ràfíù, ọkọ Ìyá Ràfíù, ló bá mi bẹ Alhaja. Káfíńtà òrùlé ni bàbá náà, èèyàn jẹ́jẹ́, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán. Ràfíù ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó, yàrá rẹ̀ ni wọ́n fún mi. Látàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ bàtà: igi ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjìlá, pákó oníìnṣì kan, igi oníìnṣì méjì-sí-mẹ́rin. Àwọn tó wà nídìí ayùn sọ mí ní Ọmọ Kútọ̀nú, bẹ́ẹ̀ mi ò gbé Kútọ̀nú rí láyé mi. Mo ṣàlàyé fún wọn pé Kétu jìnnà sí Kútọ̀nú. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún pè mí ní Ọmọ Kútọ̀nú.

Mo ń pe ìyá mi lórí fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Mo máa ń lọ dúró lẹ́yìn ilé, nídìí igi kòkó kan, torí ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ mi. Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ̀rọ̀ télọ̀ náà fún un, mo rò pé á bá mi káàánú.

"Kí ló wá bà ọ́ nínú jẹ́ níbẹ̀?" ó ní.

"Màmá, mi ò mọ ìwọ̀n ara mi mọ́."

"Ta ló fún ọ ní ìwọ̀n tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ilé-ìwé. Èmi tí mo bí ọ, apá ni mo fi ń wọn aṣọ. Apá ni ìyá mi náà fi wọ̀n ọ́n. Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ?"

"Wọ́n ń fún mi."

"Ó tán. Jẹun, kí o fi síkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀."

Mi ò sùn bọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ó yà mí lẹ́nu pé ìyá mi, tí kò lọ sílé-ìwé, ti rí ohun tí mi ò rí. Mítà tí mo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ohun ìní baba mi, àwọn Faransé ló gbé e wá. Ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n sì dì mú ní Erunmu bí ẹni pé àwọn baba ńlá wọn ló dá a sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wá. Wọ́n fa ìlà sáàárín wa, a rò pé ilẹ̀ nìkan ni ìlà náà gé, àṣé ó gé ìbàdí àti òrùlé wa pẹ̀lú. Mo rò ó títí orí fi fọ́ mi. Mi ò rí ẹnì kankan tí mo lè bá sọ ọ́, tí kò ní bi mí pé ṣé ebi ń pa mí.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí gbangba. Alhaja pe ìpàdé àwọn káfíńtà àti bíríkìlà tó ń bá a rajà, sábẹ́ páànù sọ́mìlì. Ó ní àwọn tó ń kọ́lé láti ìgboro ń mú pílánù wá, mítà sì ni gbogbo rẹ̀. Ó ní kí àwọn jọ gbà pé láti ìsinsìnyí lọ, mítà ni wọn yóò máa fi la igi, mítà ni wọn yóò sì máa fi rà á.

Bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ dìde. Ọ̀dọ́ ni, ó wọ bàtà tó mọ́ jù fún iṣẹ́ rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó yẹ ká ṣe é, Alhaja. Èmi ò lo ẹsẹ̀ bàtà mọ́. Mítà ni mo fi ń kọ́lé. Ayé ti kúrò níbẹ̀."

"Ayé wo?" káfíńtà kan bi í láti ẹ̀yìn. "Ayé tó ń lo búlọ́ọ̀kù oníìnṣì mẹ́sàn-án tí o tò jọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ràfíù dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó wá na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan síwájú.

"Ẹsẹ̀ rèé. Íǹṣì rèé, àtàǹpàkò mi. Ẹ fi mítà hàn mí. Ibo ló wà lára èèyàn?"

"Bàbá, ẹsẹ̀ òyìnbó ni wọ́n wọ̀n," Káyọ̀dé ní. "Tiyín ò tó o."

"Tìrẹ ńkọ́, tí o fi pamọ́ sínú bàtà?"

Ẹ̀rín tún ta. Bàbá ní òun ò tíì parí ọ̀rọ̀ òun. Ó ní gbogbo ayùn, gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé igi, gbogbo òrùlé tó wà láti Erunmu dé Akínyẹlé, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ó ní ọwọ́ òun ti mọ̀ ọ́n, pé òun lè di ojú òun kí òun sì gé igi ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ó ní kí wọ́n sọ ẹni tí yóò tún ọwọ́ náà kọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Alhaja yíjú sí mi. "Ọmọ Kútọ̀nú, ìwọ ni wọ́n kọ́ ní mítà láti kékeré. Dìde, bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo dìde. Mo rò pé bí mo bá sọ̀rọ̀ dáadáa, wọn á rí i pé mo wúlò, bóyá wọn á sì dẹ́kun pípè mí ní ohun tí mi ò jẹ́. Mo ṣàlàyé bí ohun gbogbo nínú mítà ṣe ń lọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, pé kò sí ìdajì íǹṣì, kò sí ìdá mẹ́jọ íǹṣì, pé ọmọ kékeré lè fi orí ṣírò rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Káyọ̀dé ló pàtẹ́wọ́ jù. Mo wo Bàbá Ràfíù, ilẹ̀ ló ń wò. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ẹni tí mò ń sùn nílé rẹ̀ ni mo dìde ta kò níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wọn ò fẹnu kò, wọ́n sún un síwájú. Bàbá fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi dé ilé. Mo sọ̀ kalẹ̀.

"O sọ̀rọ̀ dáadáa," ó ní. Ó wọlé.

Ní àsìkò yẹn, Bàbá ń múra iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ìjọ Aládùúrà kan ní Erunmu. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé àánú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, yàrá kékeré tí àwọn aboyún tó wá gbàdúrà á máa sùn sí. Abẹ́ tapólì ni àwọn obìnrin náà ń sùn nígbà náà, òjò sì ti ń ṣú. Ọmọ ìjọ kan ló ya pílánù rẹ̀: mítà mẹ́rin lóòró, mítà mẹ́rin níbùú, láti ẹ̀yìn ògiri dé ẹ̀yìn ògiri. Káyọ̀dé ló ń mọ ògiri rẹ̀. Bàbá kì í ra igi àfi tí ògiri bá dé òkè, tó bá sì ti gun orí rẹ̀ tòun ti téèpù. Lọ́tẹ̀ yìí, nítorí òjò, inú pílánù ló ti mú ìwọ̀n, ó ra igi, ó kó wọn sí àgbàlá, ó sì fi oògùn ikán kùn wọ́n. Igi tó bá ti gba oògùn, sọ́mìlì ò ní gbà á padà.

Níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ láàárín wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni mo ti ṣàkíyèsí pé gbogbo wọn dọ́gba. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá.

"Ìyá," mo pe Ìyá Ràfíù, "ṣé wọ́n ti dín ilé àánú yẹn kù ni?"

"Ta ló dín in kù? Mítà mẹ́rin ni."

"Igi yìí ńkọ́?"

"Méjìlá. Mítà kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ta ni ò mọ ìyẹn?"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mítà kan ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ó fi íǹṣì mẹ́ta àti díẹ̀ jù ú. Ìyẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n bí mítà bá di mẹ́rin, ó ti ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Igi Bàbá ò ní kan ògiri kejì. Owó tí àwọn ọmọ ìjọ dá jọ ló fi rà wọ́n, òjò sì ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rù ṣe bà mí, torí ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Bí mo bá dákẹ́, gbogbo Erunmu ni yóò rí i lọ́jọ́ tí Bàbá bá gun ògiri tí igi rẹ̀ ò sì dé òdì kejì, àwọn aboyún náà á sì wà nínú òjò. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi àlejò tí mo ti dójú tì í lẹ́ẹ̀kan ni mo tún fẹ́ dójú tì í lẹ́ẹ̀kejì, nínú ilé rẹ̀, lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè sùn. Mo dúró títí ó fi kírun Àsárì tán lórí ẹní rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Igi yìí ni."

Mo sọ ọ́. Kò já mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó lọ mú téèpù, ó ní kí n di orí rẹ̀ mú. A na án lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan. Létí téèpù tó ń lò, méjìlá ló wà níbẹ̀. Ó yí ojú sí etí kejì, tí wọ́n kọ mítà sí. Kò pé mẹ́rin. Mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú ibẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí ló bo nọ́ńbà náà.

"Ọ̀gá mi ló kọ́ mi," ó ní. "Mítà kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo kọ́ Ràfíù. Gbogbo wọn ni mo kọ́."

Ó wọlé. Kò jẹun alẹ́. Ìyá Ràfíù bi mí ní ohun tí mo sọ fún ọkọ òun. Mo sọ ọ́, kò sì bínú, ó kàn gbé oúnjẹ náà padà, ó bò ó. Ì bá sàn kí ó bú mi. Mo kó aṣọ mi sínú báàgì, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń ro ohun tí mo máa sọ fún ìyá mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá kan ilẹ̀kùn mi. Ó wo báàgì náà.

"Mú téèpù," ó ní. "Jẹ́ ká lọ."

A bá Káyọ̀dé nídìí ògiri. Ó ti mọ ọ́n kọjá fèrèsé.

"Dá iṣẹ́ dúró," Bàbá sọ fún un. "Igi tí mo rà ò ní tó. Mo ti ṣi ìwọ̀n gbà."

"Báwo ni ò ṣe ní tó, Bàbá? Mítà mẹ́rin ni mo mọ."

"Igi ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjìlá ni mo rà."

"Ó pé nìyẹn. Mítà mẹ́rin, méjìlá."

Èmi àti Bàbá wo ara wa. A na téèpù láti ẹ̀yìn ògiri kan dé ẹ̀yìn èkejì. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá géérégé. A wọn ìbú rẹ̀, bákan náà ni. Ọkùnrin tó ní òun ò lo ẹsẹ̀ bàtà mọ́, tó pàtẹ́wọ́ fún mi títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n, ẹsẹ̀ bàtà ló ń lò láti ọjọ́ yìí wá, orúkọ ló kàn yí padà.

"Ṣé ẹ rí i?" Káyọ̀dé ní. "Ọmọ Kútọ̀nú kàn fẹ́ dá ìjayà sílẹ̀ ni."

Bàbá fi etí kejì téèpù hàn án. Káyọ̀dé ní téèpù Bàbá ni ò dára. Ó mú tirẹ̀ wá. Tirẹ̀ náà sọ ohun kan náà. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

"Gbogbo ilé tí mo ti kọ́ ńkọ́?" ó ní, kì í ṣe àwa ló ń bi.

Ó gbójú sókè. "Bàbá, igi yín àti ògiri mi ti bára mu. Kò sóhun tó máa já. Ta ló fẹ́ mọ̀? Ẹ jẹ́ ká kàn án."

Òótọ́ ló sọ, igi náà á dúró. Ọkàn mi fẹ́ kí Bàbá gbà, kí gbogbo rẹ̀ parí, kí n lọ tú báàgì mi. Bàbá yíjú sí mi. Ó ní kí n lọ bá òun pe Wòlíì.

Wòlíì tó ń ṣe àkóso ìjọ náà wá, pẹ̀lú àwọn obìnrin bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní mítà mẹ́rin ni wọ́n sọ fún àwọn, àwọn méjèèjì ṣì í, ilé náà sì fi ohun tó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ kéré lóòró àti níbùú. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn wó o, àwọn á wó o, kí òun lọ wá igi mìíràn.

"Àwọn tó fẹ́ sùn níbẹ̀ nìyí," Wòlíì ní. "Ẹ bi wọ́n."

Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti tóbi bèèrè iye tí mítà mẹ́rin jẹ́. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ní kí wọ́n kó ẹní wá. Wọ́n tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ inú ilé náà, wọ́n sì dùbúlẹ̀ lórí wọn, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kejì, nínú eruku sìmẹ́ńtì, wọ́n ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ó gbà wá," obìnrin náà ní láti ilẹ̀. "Ẹni tó bá wà létí ògiri ni ò ní ráyè yíra. Ẹ bá wa kàn án kí òjò tó dé, Bàbá. A ò fẹ́ abẹ́ tapólì mọ́."

Wòlíì rẹ́rìn-ín. Ó wo Káyọ̀dé, ó wo Bàbá. "Ó pẹ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń kọ́lé. Ta ló wá rí i lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ọmọ mi ni," Bàbá ní.

"Ràfíù ti Èkó dé ni?"

"Kì í ṣe Ràfíù." Ó nawọ́ sí mi. "Eléyìí."

Gbogbo wọn yíjú wò mí, títí kan àwọn tó wà lórí ẹní. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ nǹkan kan, kí n dúpẹ́, kí n kúnlẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo ń ká téèpù tó wà lọ́wọ́ mi, téèpù tó ti ká tán.